Ẹ Dá Ọ̀gákọ̀ Kejì Padà fún Wa

Ilé Búrẹ́dì Ìkóríta,
Òpópónà Ilé Ìfìwéránṣẹ́,
Ọjọ́ kẹtàlá, Oṣù Kẹfà.

Alábòójútó Ètò,
Ilé-iṣẹ́ Tẹlifíṣàn,
Orí Òkè.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

Ẹ̀BẸ̀ PÉ KÍ Ẹ PARÍ ERÉ "ỌKỌ̀ ÀÁRÍN ÌRÀWỌ̀", KÍ Ẹ SÌ KA LẸ́TÀ WA ÌṢÁÁJÚ SÍ ÈYÍ TÍ A KÒ KỌ

Ẹ kú iṣẹ́ ìlú o. Kí n tó fẹjọ́ sùn, ó yẹ kí n kọ́kọ́ dúpẹ́. Láti ìgbà tí ẹ ti ń tún eré àtìgbàdégbà yìí gbé jáde lọ́sàn-án ni ara ti tù wá nílé búrẹ́dì. Kó tó bẹ̀rẹ̀, a ó ti fọ páànù, a ó ti gbálẹ̀, oníkálukú á fi àpò ìyẹ̀fun tó ṣófo ṣe ìjókòó. Ẹni tó bá sọ̀rọ̀ kí ìpolówó ọjà tó dé, òun ni yóò fọ ife tíì gbogbo wa.

Ẹ̀yin náà mọ̀ pé òṣèré méjì ló ṣe Ọ̀gákọ̀ nínú eré yìí. Ẹni àkọ́kọ́, olójú gígùn, fi iṣẹ́ sílẹ̀ nígbà tí eré dé ìdajì, wọ́n sì fi olójú róbótó rọ́pò rẹ̀ láìsí àlàyé kankan. Lọ́sẹ̀ kan, ojú gígùn ló ń wa ọkọ̀ láàárín ìràwọ̀. Lọ́sẹ̀ kejì, ojú róbótó ni, gbogbo ará ọkọ̀ sì ń kí i bí ẹni tí wọ́n jọ jẹun àárọ̀. Nígbà tí ẹ kọ́kọ́ gbé e jáde láyé ijọ́un, Bàbá Oníbúrẹ́dì, tó dá ilé iṣẹ́ wa sílẹ̀, ló dìde lọ́jọ́ tí ojú róbótó yọ, tó pa tẹlifíṣàn. Ó ní wọ́n ti gbé ọmọ òun lọ, wọ́n gbé ọmọ ẹlòmíràn fún òun. Bí a kò ṣe rí ìyókù nìyẹn. Ọmọ iṣẹ́ ni mí nígbà náà, ta ni èmi tí màá tan ohun tí ọ̀gá pa?

Lọ́dún yìí, orúnkún Bàbá ní ó tó gẹ́ẹ́. Ó ti lọ ń gbé lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ obìnrin, ara rẹ̀ le, ó tiẹ̀ ń sanra. Èmi ló kó kọ́kọ́rọ́ lé lọ́wọ́. Gbogbo òṣìṣẹ́ ló gbà á tayọ̀tayọ̀, àfi àgbàlagbà tó ń dúró ti ààrò, ẹni tí tọmọdé tàgbà ń pè ní Ẹ̀fín. Kò bú mi o, kò sì rí mi fín. Ṣùgbọ́n lọ́dọ̀ wa, búrẹ́dì kì í jáde sígboro àfi bí ọ̀gá bá yí àkọ́kọ́ dojú dé, tó fi ìka lù ú nídìí, tó sì fetí sí i bóyá ó ti jinná dénú. Mo máa ń lù ú. Bí mo bá ti kọ̀yìn báyìí, Ẹ̀fín á tún un lù, lẹ́yìn náà ni yóò tó sọ fún awakọ̀ pé kó máa gbé e lọ. Ó dùn mí gan-an, mi ò ní purọ́.

Nígbà tó yá, Ẹ̀fín sọ fún mi pé bí oṣù bá parí, òun ń lọ. Ó ní ọ̀gá kan ṣoṣo ti tó òun sìn láyé. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni ojú róbótó yọ lórí tẹlifíṣàn yín. Háà! Ariwo ta. Ẹ̀fín ní ìràwọ̀ tó ń sọ̀rọ̀, òun gbà. Ọkọ̀ tó ń fò láìní ìyẹ́, òun gbà. Ṣùgbọ́n kí ojú ènìyàn yí padà kí ìyàwó rẹ̀ má béèrè, òun kò gbà láéláé. Ó ní lóòótọ́, bí a kò bá rí àdán, à ń fi òòbẹ̀ ṣẹbọ, ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má pe òòbẹ̀ ní àdán lójú òun. Ọjọ́ náà ni wọ́n kọ lẹ́tà sí yín pé kí ẹ dá Ọ̀gákọ̀ àtijọ́ padà. Gbogbo wọn ló fọwọ́ sí i, Ẹ̀fín ló ṣíwájú. Èmi nìkan ni n kò fọwọ́ sí i.

Àṣìṣe wa ni pé a kò mọ̀ pé ẹ máa ń ka lẹ́tà. Kí èsì yín tó dé, a ti wo ìpín mẹ́rin, ọ̀rọ̀ sì ti yí. Obìnrin tó ń tọ́jú ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ kò fẹ́ gbọ́ràn sí ọ̀gá tuntun yìí lẹ́nu. Ọkùnrin náà kò jágbe mọ́ ọn. Ó sọ̀kalẹ̀ lọ bá a, ó bá a di àtùpà mú. Ẹ̀fín gbàgbé tíì sọ́wọ́. Ní ìpín kẹrin, epo tán lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìràwọ̀ kan tó ń kú lọ, ìdajì àwọn ará ọkọ̀ sì ní àwọn fẹ́ bá ọkọ̀ kékeré lọ. Ọ̀gákọ̀ kò ní kí ẹnikẹ́ni má lọ. Ó ní òun yóò fi ọ̀nà hàn wọ́n. Ibẹ̀ ni ìpín náà parí sí.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ojú gígùn la rí, láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀, pẹ̀lú ìkéde pé àwọn òǹwòran ló bẹ̀bẹ̀ fún un. Ẹ̀fín bínú débi tí fìlà fi bọ́ lórí rẹ̀. Ó béèrè pé aláìníṣẹ́ wo ló kọ irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin Ọ̀gá, inú ife tíì ni gbogbo wọn ń wò. Nígbà tó rántí, ó ní ṣé eré lásán kò ṣe é bínú sí ni. A gbà pé àfọwọ́fà ni.

Ó wá ní òun kò lè lọ báyìí láìmọ̀ bóyá ojú róbótó gbé ọkọ̀ náà délé. Oṣù ti parí, òmíràn ti wọlé, Ẹ̀fín ṣì wà nídìí ààrò. Lọ́sàn-án, á jókòó wo ojú gígùn tó fẹ́ràn, á sì máa mí kanlẹ̀.

Mi ò gọ̀. Mo mọ̀ pé bí ẹ kò bá gbé ìyókù jáde, Ẹ̀fín kò ní lọ. Ẹni tó ń po ìyẹ̀fun fún wa tiẹ̀ gbà mí nímọ̀ràn pé kí n panu mọ́, kí n máa jẹ ìgbádùn mi. Ìmọ̀ràn náà dùn létí, mo sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà á, nítorí mo fẹ́ràn bàbá yìí. Òun ló kọ́ mi bí a ti ń di páànù gbígbóná mú láìsunkún. Ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ kó jẹ́ pé eré tí wọ́n gé láàárín ló dè é mọ́ mi lọ́rùn.

Nítorí náà, mo bẹ̀ yín, ẹ bá wa gbé ìyókù jáde láti ibi tí ẹ ti dá a dúró. Ọkọ̀ náà ìbáà délé, ìbáà sọnù, ẹ jẹ́ ká rí i. Bí Ẹ̀fín bá wò ó tán tó ní òun ń lọ, èmi fúnra mi ni n óò bá a gbé ẹrù rẹ̀ dé ìdí ọkọ̀. Bí ilẹ̀ ọjọ́ kejì bá sì mọ́, tó wá tan ààrò, n óò mọ̀ pé èmi ló tàn án fún.

Ẹ ṣeun, ẹ kú sùúrù wa.

Èmi ni tiyín tọkàntọkàn,

Alábòójútó,
Ilé Búrẹ́dì Ìkóríta.