Ìyá Ẹgbẹ́ Má-Gbọ́-Tọkọ: Màmá Mobọ́lájí Ọ̀jẹlàbí (1952–2025)

Agboolé Ṣótáyọ̀ ní ìlú Ifọ̀ ni a ti bí Màmá Mobọ́lájí Àṣàkẹ́ Ọ̀jẹlàbí ní ọdún 1952. Olóògbé Pa Sámúẹ́lì Ṣótáyọ̀, òṣìṣẹ́ rélùwéè, ni bàbá wọn. Olóògbé Màmá Rèbékà ni ìyá wọn. Màmá ni àkọ́bí, Olúṣọlá nìkan sì ni àbúrò wọn. Láti kékeré ni Màmá kì í ti í rí ohun tó wọ́ kí wọ́n má sọ pé ó wọ́. Wọ́n jẹ pàṣán nítorí rẹ̀ dáadáa.

Wọ́n parí ìwé mẹ́fà ní 1965, wọ́n sì kọ́ iṣẹ́ aránṣọ, èyí tí wọn kò fẹ́ràn rárá. Ní 1974 ni wọ́n ṣègbéyàwó pẹ̀lú Olóògbé Bàbá Èsékíẹ́lì Ọ̀jẹlàbí, awakọ̀ tírélà. Nígbà tí àwọn ará Èkó ń ya wá kọ́lé sí Mowé, Màmá dá ibi ìmọ búlọ́ọ̀kù sílẹ̀ níbẹ̀. Àwọn elẹ́nu ní obìnrin tó ń po sìmẹ́ǹtì, ọkọ rẹ̀ ni yóò máa dáná. Òótọ́ ni, Bàbá máa ń dáná, ọbẹ̀ wọn sì dùn ju ti Màmá lọ.

Ní 1999, Màmá àti àwọn obìnrin mélòó kan dá Ẹgbẹ́ Ẹ̀tọ́ Obìnrin sílẹ̀ ní Ìbàfò, nítorí àwọn opó tí ẹbí ọkọ ń lé jáde nílé. Kíá ni ará àdúgbò sọ ọ́ di Ẹgbẹ́ Má-Gbọ́-Tọkọ. Wọ́n ní atúlé ni gbogbo wọn. Àwọn ọkọ kò jẹ́ kí ìyàwó wọn wá sí ìpàdé mọ́, ìjọ sì gba ipò olórí àwọn ìyá lọ́wọ́ Màmá. Màmá kò torí ìyẹn fi ìjọ sílẹ̀. Bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn ni wọ́n ń jókòó sí, tí wọ́n ń kọrin ju ẹgbẹ́ akọrin lọ. Ṣùgbọ́n ó dùn wọ́n wọra pé obìnrin bíi tiwọn ló ń bú wọn jù. Bí Àlàájà Fàúsátù tó ń ta páànù bá ti rí wọn, á pariwo: “Àwọn má-gbọ́-tọkọ ń kọjá o! Ẹ mú ìyàwó yín mọ́lé!”

Ní 2008, Olúṣọlá kú. Ó fi Máyọ̀kún, ìyàwó rẹ̀, àti ọmọbìnrin méjì sílẹ̀ nínú ilé bàbá wọn ní Ifọ̀. Ẹbí ní kí Máyọ̀kún kó ẹrù rẹ̀, nítorí kò bí ọkùnrin. Gbogbo wa mọ̀ pé ọmọbìnrin ilé ni ọkọ fún ìyàwó ilé, àwọn ni wọ́n sì máa ń rán láti lé opó. Wọ́n ránṣẹ́ pe Màmá. Àlàájà Fàúsátù pàápàá wọ mọ́tò láti Ìbàfò wá wòran: bí Màmá bá lé e, ẹgbẹ́ wọn di irọ́, bí wọn kò bá lé e, wọ́n ti tú ilé bàbá wọn.

Màmá dìde níwájú ẹbí. “Ẹ̀yin náà lẹ ní èmi lọkọ. Ó dáa. Ọkọ ní ìyàwó òun ò lọ ibì kankan. Ìpín tèmi nínú ilé yìí, mo fún àwọn ọmọ Olúṣọlá. Ta ló kù tó fẹ́ sọ̀rọ̀?”

Bí Máyọ̀kún ṣe dúró sílé nìyẹn. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e, Àlàájà Fàúsátù wá sí ìpàdé. Ó ní òun náà ti lé ìyàwó ẹ̀gbọ́n òun rí, kí wọ́n bá òun lọ mú un padà. Wọ́n lọ, wọ́n sì mú un padà. Láti ìgbà náà ni yàrá ìpàdé kò ti gba èrò mọ́. Àwọn ọkùnrin tó ń bú wọn ló wá ń bẹ Màmá pé kí wọ́n bá àwọn dá sí ọ̀rọ̀ ọmọbìnrin àwọn tó di opó. Ìjọ dá ipò wọn padà ní 2012. Ẹni tó bá pe ẹgbẹ́ náà ní atúlé ní Ìbàfò lónìí, àwọn opó tó ti padà sílé ni yóò dá a lóhùn.

Màmá sùn nínú Olúwa ní oṣù kẹta ọdún 2025. Àwọn ọmọ wọn, Adéyẹ́misí, Olúwajùwọ́n àti Bísí, ló gbẹ̀yìn wọn, pẹ̀lú àwọn ọmọ-ọmọ, Delight, Jésùlayọ̀mi àti àwọn àbúrò wọn.

Ẹ̀yin àlejò wa, ẹbí Ṣótáyọ̀ pa ohùn pọ̀, wọ́n fi obìnrin kan ṣe olórí ètò ìsìnkú yìí. Obìnrin tó kí yín káàbọ̀ lẹ́nu ọ̀nà ní àárọ̀ yìí, Máyọ̀kún ni. Ilé rẹ̀ lẹ wà.

Màmá, ẹ ti ṣẹ́gun. Ẹ sùn re o.