Òkúta Ojú Fèrèsé

Ọjọ́ Ajé, 8 oṣù Kẹsàn-án
Estrela ò jẹun láàárọ̀. Ó ń fi pátákò ha ilẹ̀, ó ń bojú wo ikùn ara rẹ̀. Ẹṣin Idalina. Ọmọ mi fi í sí mi lọ́wọ́ nígbà tó ń lọ ṣiṣẹ́ ní Oregon. "Màmá, ẹ bá mi tọ́jú ẹ̀ o. Òun nìkan ni mo ní." N ò tíì pè é. Wàhálà tiẹ̀ ti pọ̀ jù.

Ìṣẹ́gun, 9
Ó yàgbẹ́. Ọpẹ́ ni fún Ẹ̀mí Mímọ́.

Ọjọ́bọ̀, 11
Ó tún ti dùbúlẹ̀, ó ń yí gbiri, òógùn bò ó. Délio dé — Ọ̀gá Mọ̀ọ́tán, ọmọ mi ọkùnrin. "Màmá, ṣé koríko alifáfà yìí náà lẹ ṣì ń kó fún un? Ẹ kúkú bá a dín àkàrà sí i!" Idalina náà ti kìlọ̀ pé kí n máa po koríko mìíràn mọ́ ọn. Mo gbọ́. N ò ṣe é. Alifáfà tí bàbá wọn fi ọgbọ̀n ọdún gbìn kó tó kú! Ohun tí ọmọ fi síni lọ́wọ́, ṣé pòròpórò la ó fi bọ́ ọ?

Ẹtì, 12
A gbé e lọ sílé ìwòsàn ẹran. Dókítà Renquist ya fọ́tò inú rẹ̀. Òkúta. Nínú ìfun! Ó ní alifáfà agbègbè wa níbí ló ń fà á — ohun inú rẹ̀ á dì mọ́ ìjáǹjá okùn kan tó bá gbé mì, á di òkúta, á máa tóbi lọ́dọọdún. Ó bi mí: "Ẹ ò rí òkúta kankan nínú ìgbẹ́ rẹ̀ rí?"
Mo ní rárá.
Irọ́ ni. Mo rí ọ̀kan nígbà Àjíǹde. Ó ń dán bí ẹyin, ẹ̀gbẹ́ kan tẹ́ pẹrẹsẹ. Mo rò pé inú pápá ló ti gbé e mì. Ó wù mí. Mo fọ̀ ọ́, mo gbé e sójú fèrèsé kíṣìnì.

Àbámẹ́ta, 13
Wọn ò lè là á láìjẹ́ pé ẹni tó ni ín fọwọ́ sí i. Mo wá pe Idalina. Ó ní, "Láti ọjọ́ Ajé, Màmá?"

Àìkú, 14
Wọ́n là á. Ìfun ti bẹ́. Estrela kò jí mọ́. Òkúta náà tó ìkúùkù méjì, ẹ̀gbẹ́ kan tẹ́ pẹrẹsẹ. Dókítà ní òkúta kejì ló gbo ó tó fi tẹ́ bẹ́ẹ̀, pé èkejì yẹn ti ní láti bá ìgbẹ́ jáde. Ẹni tó bá rí i, ì bá ti mọ̀ pé òmíràn ń bẹ nínú. Bàtà mi ni mo ń wò.

Ọjọ́ Ajé, 15
Idalina ti Oregon dé, ó ya ilé ìwòsàn, ó gbé òkúta náà wálé nínú tówẹ́ẹ̀lì. Ó wọ kíṣìnì lọ bu omi mu. Mo gbọ́ tó gbé ife kalẹ̀ lójú fèrèsé.
Ó mú tèmi, ó fi pẹrẹsẹ kan pẹrẹsẹ. Wọ́n bára mu rẹ́gí.
"Láti ìgbà wo?"
"Àjíǹde."
Kò pariwo. Ì bá jẹ́ pé ó pariwo! Ó gbé tèmi padà síbi tó wà gan-an. "Ẹ máa wò ó, Màmá." Ó wọ mọ́tò.

Ọjọ́rú, 17
Mo pe Idalina lẹ́ẹ̀mẹfà, kò gbé fóònù. N ò tíì gbé òkúta náà kúrò lójú fèrèsé.