Ilé Wa Ti Di Ti Gbogbo Ayé

Àkọ́bí mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa lẹ wà níbẹ̀? Ṣé ìyàwó rẹ ń gbádùn, ṣé ikọ́ ọmọ kékeré yẹn ti lọ pátápátá? Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí ẹ rí ohun tí yóò mú yín sá jáde láìwọ bàtà. Àwa náà wà níbí, a dúpẹ́, àmọ́ ojú ni mo ń rọ́, ọkàn mi ò balẹ̀, ìdí tí mo fi mú bírò nìyẹn.

Ilé tí wọ́n bí bàbá rẹ sí, tí wọ́n bí ìwọ náà sí, ìjọba ti gbà á o. Mi ò mọ̀ bóyá gbígbà ni kí n pè é, torí àwa la ṣì ń gbé inú rẹ̀, àwa la sì ń gbá a. Obìnrin kan tó lo awò ojú ló kó àwọn òṣìṣẹ́ wá láti ọ́fíìsì tó ń bójú tó ilé àtijọ́. Wọ́n fa téèpù bíi tèmi yìí gan-an, wọ́n wọn ògiri, wọ́n wọn fèrèsé, wọ́n wọn àtẹ̀gùn. Télọ̀ ni mí, mo bá bi wọ́n bóyá wọ́n fẹ́ rán aṣọ fún ilé ni. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ń wọn tiwọn lọ. Wọ́n wá ju ẹ̀rọ kan sókè tó ń kùn bí agbọ́n, ó ń yí òrùlé wa po, ó ń ya fọ́tò. Bàbá rẹ ní kí n sáré lọ pààrọ̀ aṣọ kó má lọ yà mí báyẹn. Mo wọ èyí tó dáa, mo jáde, mo dúró gbọnyin, ó ti lọ.

Nígbà tí wọ́n parí, wọ́n kan páànù pẹlẹbẹ kan tó ní nọ́ńbà mọ́ ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn. Obìnrin náà fi sùúrù sọ fún wa pé láti ìsinsìnyí lọ, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ wó ibì kankan, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ kun ún lọ́dà láìgbàṣẹ, torí ilé náà ti di ti gbogbo ayé. Ọ̀rọ̀ yẹn ló ń dà mí láàmú. Gbogbo ayé pọ̀, yàrá wa ò tó nǹkan. Mo ti gbá yàrá tí ìwọ àti àbúrò rẹ ń sùn tẹ́lẹ̀, mo tẹ́ ẹní síbẹ̀, bí àwọn tó bá kọ́kọ́ dé bá jẹ́ èèyàn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, a ó jọ máa fara dà á. Ti ṣáláńgá ni mi ò mọ ọ̀nà tí a ó gbé e gbà, torí wọ́n ti fi rìbọ́n pupa àti funfun yí ẹ̀yìnkùlé ká, wọ́n ní àwọn èèyàn kan ti gbé ibẹ̀ rí láyé ọjọ́un, àwọn fẹ́ rọra gbẹ́ ilẹ̀ náà wò. Bàbá rẹ ò jẹ́ fẹsẹ̀ kọjá rìbọ́n. Ilé àbúrò mi tó ń ṣe búrẹ́dì la ń sáré lọ, ó sì ti ń wò wá bákan.

Òjò ọjọ́ Àìkú ló wá dá kún un. O mọ̀ pé ògiri yàrá bàbá rẹ ti ń là tipẹ́. Bírìkìlà tó máa ń bá wa rẹ́ ẹ ti sá, ó ní òun ò ní torí amọ̀ garawa kan ṣẹ̀wọ̀n. Òjò yẹn rọ̀, apá kan ògiri sì ya lulẹ̀ gbì. Bàbá rẹ ń wò ó bí ẹni tó pààyàn. Ó ní ohun ìjọba ti bàjẹ́ mọ́ òun lọ́wọ́. Bí ilẹ̀ ṣe mọ́, ó wẹ̀, ó wọ aṣọ tó wọ̀ níbi ìgbéyàwó rẹ, ó kó amọ̀ tó wó sínú bàsíà, ó gbé e rù, ó forí lé àgọ́ ọlọ́pàá. Mo gbé ẹní àti oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀, mo tẹ̀ lé e, torí mi ò mọ̀ bóyá wọ́n ń fún èèyàn ní ẹní níbẹ̀.

Ọlọ́pàá tó wà ní káńtà bi í pé ta ló bá jà. Ó ní òun ò bá ẹnikẹ́ni jà, òun wá jẹ́wọ́ ni. Ọlọ́pàá wo inú bàsíà, ó wo ojú bàbá rẹ, ó ní kí bàbá jọ̀ọ́ gbé amọ̀ wọn lọ sílé. Bàbá rẹ kọ̀, ó ní àfi kí wọ́n ti òun mọ́lé. Wọ́n ní kò sí àyè. A jókòó sórí bẹ́ǹṣì wọn títí wọ́n fi tẹ obìnrin aláwò ojú yẹn láago.

Ó dé, kò bínú. Ó ní òjò ló wó o, kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ ẹnikẹ́ni, àwọn á fi irú amọ̀ kan náà tún un mọ, àmọ́ àṣẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ti òkè wá, yóò sì pẹ́. Ó ní kí a tètè kúrò nínú yàrá yẹn torí èyí tó kù lè wó. Ibẹ̀ ni bàbá rẹ ti fàáké kọ́rí. Ó ní ṣebí wọ́n ní nǹkan kan ò gbọdọ̀ yí padà nínú ilé náà, òun náà ò ní yí padà, ibi tí òun ń sùn náà ni òun máa sùn.

Mo bẹ̀ ẹ́, kò gbọ́. Ni mo bá gbé ẹ̀rọ ìránṣọ mi lọ sábẹ́ ògiri yẹn, mo jókòó, mo ń ránṣọ. Ó ní kí n dìde. Mo ní níbi tí ọkọ mi bá ń sùn ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Nígbà tó rí i pé mi ò ní dìde, ó wọlé wá. Ó gbé ẹ̀rọ náà jáde, ó padà wá gbé bẹ́ẹ̀dì. Orí ẹní tí mo tẹ́ fún gbogbo ayé ló ń kó aṣọ rẹ̀ sí báyìí. Ṣùgbọ́n bí ojú ọjọ́ bá ti ṣú, á tún yọ́ lọ fẹ̀yìn ti ògiri náà, bí ẹni pé ẹ̀yìn arúgbó lè gbé ilé ró. Ohun tó ń já mi láyà nìyẹn.

Jọ̀ọ́, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ kí a ra igi tí a ó fi ti ògiri náà, obìnrin náà ní ìyẹn ò lòdì sófin. Má fi í sínú fóònù o, fóònù bàbá rẹ bọ́ sómi, mi ò fẹ́ kí owó rin. Ká a sínú aṣọ, fún awakọ̀ tó ń kó ẹrù wá síbí. Bí wọ́n bá sì fún ọ láyè níbi iṣẹ́, fúnra rẹ máa bọ̀.

Ọlọ́run á máa bá ọ ṣọ́ ohun tí ojú rẹ ò tó. Wàá kọ́lé, wàá gbé inú rẹ̀ pẹ́, àwọn ọmọ rẹ á fi ọwọ́ tọ́jú rẹ.

Bí o bá dé, má sọ fún bàbá rẹ pé èmi ni mo ní kí o wá. Sọ pé o wá wo ilé ni.

Èmi ni ìyá rẹ.