Asẹ́ Omi Iyọ̀ Tó O Fi Ránṣẹ́

Ilé Bàrúwà,
Agosasa.
Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù kìíní, ọdún 2020.

Toyibat ọmọ mi,

Àlàáfíà fún ẹ o, àti fún ilé tó ò ń gbé tí a ò tíì mọ ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Mo bẹ Ọlọ́run kí iṣẹ́ má pa ẹ́, kí ọ̀gá ẹ má sì rí ẹlòmíì tó mọ òkun sẹ́ jù ẹ́ lọ. Àwa náà wà. Ìyá ẹ wà. Ewúrẹ́ dúdú yẹn ti bí méjì. Bọ́dà ṣì wà ní títì láti oṣù kẹjọ, ìrẹsì sì ti di ohun tí à ń gbọ́ orúkọ ẹ̀ lásán. Ìjọba ṣeun, wọ́n ní ká máa jẹ èyí tí a gbìn, àwa tí a ò gbin ìrẹsì rí.

Asẹ́ tó o fi rán Ọdẹkúnlé onímọ́tò ti dé. O kú ìtọ́jú. Ìwọ náà mọ̀ pé nọ́ọ̀sì ní kí n má fẹnu kan iyọ̀ mọ́ nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru, ìyá ẹ sì ń se ọbẹ̀ tí kò níyọ̀, àmọ́ omi kànga wa ń bá a fi iyọ̀ sí i. Nígbà tó o wá sọ pé ilé iṣẹ́ yín ní Lẹ́kí ń fi asẹ́ yọ iyọ̀ kúrò nínú omi òkun, táwọn olówó ń mu ún, inú mi dùn. Mo ta oko ọ̀pẹ kó o lè kàwé, mi ò mọ̀ pé òkun ni wọ́n máa ní kó o lọ sẹ́. Ìyá ẹ ní kí n bi ẹ́ léèrè ibi tí ẹ ń kó iyọ̀ náà sí, torí ó ti wọ́n lọ́jà. Mo ní kó fi ẹ́ sílẹ̀, ó ṣeé ṣe káwọn ẹja ti wá gbà á padà.

Ọdẹkúnlé ní ibi mẹ́sàn-án làwọn tó ń ṣọ́ ọ̀nà ti dá òun dúró. Níbi kẹjọ, ọ̀kan nínú wọn rí asẹ́ náà, ó funfun, ó rí roboto, ó gùn tó ẹsẹ̀ mi, ó ní ìrẹsì ilẹ̀ òkèèrè ni wọ́n rọ sínú ẹ̀. Ọdẹkúnlé ní asẹ́ omi ni. Ọkùnrin yẹn ní òun ti ń sẹ́ omi láti kékeré, òun ò rí asẹ́ tó dà báyìí rí. Ló bá mú irin tí wọ́n fi ń gún àpò wò, ó gún un láti iwájú já sẹ́yìn. Kò rí ìrẹsì, ó ní kí wọ́n máa lọ, kí wọ́n bá òun kí mi. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀ gan-an, torí bí kì í bá ṣe ihò tó bá wa lu, ǹ bá má mọ ibi tí omi ń gbà wọ inú ẹ̀.

A da omi kànga sí i. Èyí tó wọlé náà ló jáde, iyọ̀ ẹ̀ ò dín. Mo wá pè ẹ́. O ní asẹ́ náà ò lè ṣiṣẹ́ láìsí pírẹ́ṣọ̀, pé pírẹ́ṣọ̀ tó pọ̀ gan-an ló ń ti omi gba inú ẹ̀ tí iyọ̀ fi ń kù sẹ́yìn. O ní ká wá ẹ̀rọ tó ń fa omi, ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì Bẹ̀nẹ̀ tó wà lódìkejì bọ́dà bá gba fóònù mi, obìnrin elédè Faransé yẹn sì já lu ọ̀rọ̀ wa. Mo kí i pé bọ́ńjúù, mo ní kó jẹ́ kí n bá ọmọ mi parí ọ̀rọ̀, kò tiẹ̀ sinmi. Ẹ̀rọ tó o sì ń wí, bẹntiróòlù ló ń mu, ìjọba ò sì jẹ́ kí wọ́n gbé bẹntiróòlù wá sítòsí bọ́dà mọ́.

Mo wá jókòó, mo rò ó. Nọ́ọ̀sì Mẹ̀dínátù ní pírẹ́ṣọ̀ mi pọ̀ jù, òun ò rí irú ẹ̀ rí. Ìwọ náà ní pírẹ́ṣọ̀ tó pọ̀ ni asẹ́ ń fẹ́. Mo ní, Bàrúwà, o kúkú ní in lọ́fẹ̀ẹ́. Mo rọ omi sínú asẹ́, mo fẹnu bò ó, mo ní kí ìyá ẹ fi abọ́ gbe ìsàlẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ ẹ. Omi gba ihò ọkùnrin yẹn jáde, ó rin mí láti àyà dé ẹsẹ̀. Ìyá ẹ ní kí n dáwọ́ dúró, mo ní kó má dá sí ọ̀rọ̀ ìwé. Ìgbà tí mo máa lajú, àjà ilé ìwòsàn ni mò ń wò.

Ọjọ́ mẹ́ta ni mo lò níbẹ̀. Ẹsẹ̀ mi wú, ojú mi sì ń rí nǹkan ní méjì méjì, nọ́ọ̀sì méjì ló ń bú mi lẹ́ẹ̀kan náà, Mẹ̀dínátù kan ṣoṣo sì ni. Ó ní wọn kì í fi pírẹ́ṣọ̀ èèyàn sẹ́ omi. Mo ní kó pè ẹ́, kó lọ bá onímọ̀ sọ ọ́. Ní báyìí, ìyá ẹ ló ń fi orúnkún tó ń dùn ún yẹn rìn lọ pọn omi tí kò níyọ̀ wá fún mi láti abúlé kejì. Kò ráhùn. Bó bá ti sọ omi kalẹ̀, á kàn máa wo fọ́tò ẹ lára ògiri.

Jọ̀ọ́, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ ká fi ra ike ńlá tí a ó fi gbe omi òjò. Má fi sí báńkì o. Ẹ̀rọ tó ń pọ owó ní Ìlaròó béèrè nọ́ńbà àṣírí mi, o sì ti ní mi ò gbọdọ̀ sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, mi ò sì sọ ọ́. Ó dáa kó o gbé owó náà wá fúnra ẹ. Lóṣù kẹsàn-án o ní o ń bọ̀, o ní bọ́dà tí wọ́n tì ni ò jẹ́. Lóṣù kejìlá, bọ́dà náà ni. Mo ti bi Ọdẹkúnlé tó ń ná ọ̀nà Èkó lójoojúmọ́. Ó ní àárín wa àti Bẹ̀nẹ̀ ni wọ́n tì, wọn ò tíì ti àárín Èkó àti Agosasa.

Ọlọ́run á sìn ẹ́ wálé, kó o bá wa láàyè.

Èmi ni bàbá ẹ,
Bàrúwà.