Ohùn Monji àti Ọjọ́ Tí Ó Wà Lára Rẹ̀

Ní orúkọ Ọlọ́run, ẹni tí ó mọ ọjọ́ tí ohun gbogbo bẹ̀rẹ̀.

Èmi, Wasila ọmọ Abdelkafi Kammun, opó Monji Furati, olùkọ́ ìwé títẹ̀ lórí ẹ̀rọ tí ó ti fẹ̀yìn tì, tí ń gbé ní ojú ọ̀nà Gremda, kìlómítà kẹrin, ní ìlú Sfax, ni mo kọ ìwé ìhágún yìí pẹ̀lú ọwọ́ ara mi. Orí mi pé. Ojú mi ń ríran bí mo bá rí awò mi. Etí mi dá ṣáká, mo sì gbọ́ ohun tí Olfa, ìyàwó ọmọ mi, sọ nípa ọbẹ̀ mi nínú ààwẹ̀ tó kọjá. Dókítà ọkàn ní kí n má gun àtẹ̀gùn mọ́, kí n má sì bínú mọ́. Mo ti fi àtẹ̀gùn sílẹ̀.

Dalila Hashisha, aládùúgbò mi, tí a jọ kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní ìwé títẹ̀ títí irun wa fi funfun, ni mo yàn láti mú ìhágún yìí ṣẹ. Dalila kì í gbàgbé, kì í sì í tètè dárí jini. Ìdí tí mo fi yàn án nìyẹn.

1. Ilé tí mò ń gbé àti ọgbà álímọ́ńdì wa tó wà ní kìlómítà kẹwàá, òfin ti pín wọn kí wọ́n tó bí mi: ìpín méjì fún Lutfi ọmọkùnrin mi, ìpín kan fún Ibtisam ọmọbìnrin mi. N kò lè fi ìhágún bù kún ti ajogún kan àfi bí ajogún kejì bá fọwọ́ sí i. Ibtisam kò sì fọwọ́ sí nǹkan kan fún Lutfi rí láti ìgbà tí wọ́n ti ń du àyè lẹ́yìn alùpùpù bàbá wọn. Ìdá kan nínú mẹ́ta ohun ìní mi nìkan ni mo láṣẹ lé lórí, ẹni tí kì í ṣe ajogún ni mo sì lè fún. Ẹ ka gbólóhùn yẹn lẹ́ẹ̀mejì, nítorí ibẹ̀ ni mo máa gbà wọlé.

2. Mo fi ìjàpá tó wà nínú ọgbà sílẹ̀ fún Shadli, àbúrò mi ọkùnrin. Ìjàpá náà dàgbà ju Lutfi lọ, ó sì máa ń gbọ́ràn jù ú lọ. Ní ọdún kan ó jẹ gbogbo ewé míńtì Shadli tán. Shadli dúró sí ẹnu ọ̀nà mi, ó ń pariwo pé, “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀yin lẹ rán an!” N kò rán an. Ṣùgbọ́n n kò pè é padà. Nísinsìnyí ó di ti Shadli, kí ó máa jẹ míńtì rẹ̀ lábẹ́ òfin.

3. Mo fi alùpùpù Monji sílẹ̀ fún Dalila, tí kò lè gùn ún. Láti ìgbà tí a ti wà ní ọ̀dọ́ ni Dalila ti ń sọ fún gbogbo ayé pé òun ni òun kọ́kọ́ rí Monji. Òótọ́ ni, òun ló kọ́kọ́ rí i. Èmi ni mo gun ẹ̀yìn alùpùpù. Ó gbé mi lọ sí etíkun lọ́sàn-án ọjọ́ kan, afẹ́fẹ́ ń fẹ́, mo ń wo ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀ tí oòrùn ti sọ di pupa, mo sì mọ̀ pé ọkùnrin yìí ni n ó máa bá jà títí ọ̀kan nínú wa yóò fi kú. Mo fẹ́ràn rẹ̀. Kí Dalila gba alùpùpù, kí ó sì sinmi ẹjọ́.

4. Ó ku kọ̀ǹpútà àtijọ́ tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn mi, tí mo fi kúbùsù bò. Ohùn Monji ló wà nínú rẹ̀, ẹ sì níláti mọ bí ó ṣe débẹ̀.

Nígbà tí ìgbàgbé bẹ̀rẹ̀ sí í mú un, dókítà ní kí ó máa sọ̀rọ̀ dáadáa lójoojúmọ́. Ta ni yóò máa gbọ́ ọ? Mo gbé e jókòó síwájú kọ̀ǹpútà, mo fi ibi pupa tí yóò máa tẹ̀ kí ẹ̀rọ lè gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ hàn án, mo ní, “Monji, ẹ̀rọ yìí ní sùúrù jù mí lọ. Òun ni kí o máa bá wí.” Láti ọjọ́ náà títí tí ó fi kú, láràárọ̀ lẹ́yìn kọfí, ó ń bá a wí. Ó bú àwọn rẹfirí. Ó bú ẹni tó ń ta ẹja. Ó bú mi, lẹ́yìn náà ó yìn mí, lẹ́yìn náà ó tún bú mi. Ó ń fún fáìlì kọ̀ọ̀kan ní orúkọ, orúkọ oúnjẹ sì ni gbogbo wọn: “Kuskus Tí Iyọ̀ Rẹ̀ Pọ̀”, “Ẹja Oníyọ̀”, “Ẹja Oníyọ̀ Míràn”, “Ọbẹ̀ Wasila, Kí Ọlọ́run Gbà Wá”. Ó gbàgbé ọ̀nà ilé, ó gbàgbé orúkọ ààrẹ, ṣùgbọ́n ọmọ Sfax kì í gbàgbé oúnjẹ. Orúkọ wọn kò sọ ọjọ́ fún ẹnikẹ́ni, òun fúnra rẹ̀ kò sì dárúkọ ọjọ́ rí. Ọjọ́ tí kọ̀ǹpútà kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ fáìlì kọ̀ọ̀kan nìkan ni a fi mọ èyí tó ṣáájú àti èyí tó tẹ̀lé e.

Lyon lókè òkun ni Lutfi ń gbé nígbà náà. Ó ń wá sílé ní gbogbo ọdún ìtúnu ààwẹ̀ láti wá jẹ ẹja oníyọ̀ pẹ̀lú sharmula, èyí tí mo fi àlùbọ́sà àti èso àjàrà gbígbẹ sè. Ní gbogbo ọdún náà ni òun àti bàbá rẹ̀ ń jà, bí kò bá jẹ́ nítorí bọ́ọ̀lù, nítorí ọ̀nà tí ó gbà páàkì ọkọ̀. Ní ọdún ìkẹyìn, Monji wò ó lójú nídìí àwo oúnjẹ, ó ní, “Ẹ káàbọ̀, ọ̀gbẹ́ni. Ọmọ ta ni yín?” Ó sì ṣa ibi tó dára jù lọ lára ẹja, ó gbé e síwájú rẹ̀, bí a ti ń ṣe fún àlejò. Lutfi jẹ ẹ́. Kò sọ ọ̀rọ̀ kankan. Ó wọ ọkọ̀ òfurufú lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, Monji sì kú nígbà òtútù, kí wọ́n tó tún rí ara wọn.

Lẹ́yìn ìsìnkú, Lutfi padà wálé pátápátá, ilé rẹ̀ kò sì jìnnà sí tèmi. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti tan ohùn bàbá rẹ̀, á dìde. “Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ pa á. Kí ni n ó máa gbọ́? Ọkùnrin tó kú láì mọ̀ mí?” Á sì jáde lọ dúró sábẹ́ igi. Mo bí i, mo mọ̀ pé ó ń sunkún níbẹ̀.

Irú ẹni tí mo bẹ̀ níṣẹ́ nìyẹn nígbà tí kọ̀ǹpútà bẹ̀rẹ̀ sí í ké bí ọlọ. Mo ra tuntun. Mo sọ fún Lutfi kí ó ra fláàṣì, kí ó di gbogbo fáìlì pọ̀ sínú ẹrù kan kí ó tó gbé wọn kọjá. Àwọn ará Tunis, olú-ìlú wa, máa ń sọ pé àwa ará Sfax ń ka ewé igi ólífì kí a tó gbọn ọ́n. Irọ́ ni wọ́n ń pa. Èso là ń kà. Lutfi wò mí bí ẹni tí mo ní kí ó ju owó sókun.

“Fláàṣì kẹ̀? Màámi, ẹ fẹ́ ra ohun tí fóònù ń ṣe lọ́fẹ̀ẹ́?”

Ó fi àwọn fáìlì ránṣẹ́ sí ara rẹ̀ lórí fóònù, lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì ti ibẹ̀ gbà wọ́n sórí kọ̀ǹpútà tuntun. Ọ̀fẹ́ ni lóòótọ́. Ọjọ́ Àtàláátà kan nínú oṣù ààwẹ̀ ni. Nígbà tí mo ṣí kọ̀ǹpútà tuntun náà, ó sọ fún mi pé ọkọ mi, tí ó ti wà nínú ilẹ̀ láti ìgbà òtútù, sọ gbogbo ọ̀rọ̀ yẹn ní ọjọ́ Àtàláátà náà, láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, pẹ̀lú ààwẹ̀ lẹ́nu.

“Lutfi, ọjọ́ wọn dà?”

“Ọjọ́ wo, Màámi? Ohùn náà ṣáà wà níbẹ̀. Ta ló ń fi ọjọ́ jẹun?”

“Bí mo bá fa ọjọ́ ìbí tìrẹ náà ya, ta ni yóò fún ọ ní ìwé ìrìnnà?”

“Ẹ̀yin náà! Ẹ ti tún bẹ̀rẹ̀.”

Ó ti ta kọ̀ǹpútà àtijọ́ fún oníkòràngún kan, ẹni tó ń ra ògbólógbòó ẹ̀rọ, lẹ́bàá ẹnubodè Jebli. Èmi àti Dalila wọ takisí lọ. Oníkòràngún náà ní, “Ìyá, kí lẹ fẹ́ fi òkú ẹ̀rọ yìí ṣe?” Mo ní ọkọ mi ló wà nínú rẹ̀. Ó ṣí fìlà, ó kí mi kú ara fẹ́ra kù, ó sì fi kún owó rẹ̀. Mo gbé ọkọ mi wálé lórí itan. Ní ọdún ìtúnu ààwẹ̀ ọdún náà n kò tẹ ilé Lutfi. Olfa gbé àwo tèmi wá, mo sì jẹ ẹ́ tán, ṣùgbọ́n tìbínú-tìbínú ni mo fi jẹ ẹ́.

5. Nítorí náà: mo fún Olfa, tí kì í ṣe ajogún mi, ní àwọn igi álímọ́ńdì ìlà iwájú ọgbà, èyí tí kò yéé wò láti ọjọ́ ìgbéyàwó rẹ̀. Wọn kò kọjá ìdá kan nínú mẹ́ta tí mo láṣẹ lé lórí. Májẹ̀mú kan ló wà níbẹ̀: Lutfi fúnra rẹ̀, kì í ṣe ẹlòmíràn, ni yóò kó ohùn bàbá rẹ̀ láti inú kọ̀ǹpútà àtijọ́ bọ́ sínú tuntun, tí ọjọ́ kò sì ní yí lára ẹyọ kan. Dalila ni yóò yẹ̀ ẹ́ wò. Bí ọjọ́ kan bá yí, igi di ti mọ́sáláṣí. N kò lè fipá mú Lutfi. Olfa lè fipá mú un, mo sì fọkàn tán an pátápátá nínú ọ̀rọ̀ yìí, ọbẹ̀ tàbí kò sí ọbẹ̀.

6. Báyìí ni kí ó ṣe é. Kí fóònù kúrò nítòsí. Kí ó di gbogbo fáìlì pọ̀ sí ẹrù kan nínú kọ̀ǹpútà àtijọ́, kí ó pa ẹrù náà dé, kí ó gbé e sórí fláàṣì, kí ó sì tú u nínú kọ̀ǹpútà tuntun. Mo ti ra fláàṣì náà, ó wà nínú àpótí tí mo ń kó sísọ́ọ̀sì sí, kò sí àwáwí kankan. Ẹ̀rọ ń tọ́jú ọjọ́ méjì: ọjọ́ tí a dá fáìlì àti ọjọ́ tí a fọwọ́ kàn án gbẹ̀yìn láti yí ohun inú rẹ̀ padà. Ó ṣeé ṣe kí ó sọ fún yín pé a ti fọwọ́ kan fáìlì tán ní ọdún púpọ̀ kí a tó dá a, bí ẹni tó ti gbéyàwó kí ìyá rẹ̀ tó lóyún rẹ̀. Ẹ jẹ́ kó máa purọ́ rẹ̀ lọ. Ọjọ́ ìfọwọ́kàn ni kí ẹ wò, ìyẹn ni àárọ̀ tí Monji sọ̀rọ̀ náà. Kí Ibtisam gba ẹ̀dà kan, ṣùgbọ́n kò gbọ́dọ̀ gé ikọ́ bàbá rẹ̀ kúrò nítorí ìmọ́tótó. Bí ó bá gé e, ọjọ́ yóò yí.

Kí wọ́n yára. Kọ̀ǹpútà yẹn ti ń mí gúlegúle, bíi tèmi.

7. Ọ̀rọ̀ yìí jẹ́ ti Lutfi.

Bí bàbá rẹ ṣe sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni mo ń gbọ́ ọ láti ìgbà náà, ọ̀kan lójúmọ́ pẹ̀lú kọfí, gẹ́gẹ́ bí ọjọ́ wọn ṣe tẹ̀lé ara wọn. Ní ìgbà ìrúwé yìí mo dé ọ̀dọ̀ fáìlì kan tí ó pè ní “Ẹja Oníyọ̀ Míràn”. Ohun tí ó sọ níbẹ̀ nìyí: “Lutfi ti lọ. Lutfi mi. Ó ti sanra, ó yẹ ẹ́. Kò bá mi sọ̀rọ̀ nídìí oúnjẹ. Mo rò pé inú ń bí i sí mi, n kò sì mọ ohun tí mo ṣe. Wasila, bó bá tún dé, bá mi bi í.” Lẹ́yìn náà ó wúkọ́.

Mo mọ̀ pé wàá sọ pé ọdún tó ṣáájú ni, nígbà tó ṣì mọ̀ ọ́, nítorí kò sí ọdún tí ẹ kò jà. Lórí kọ̀ǹpútà tuntun, ọjọ́ Àtàláátà ni gbogbo wọn, kò lè jẹ́rìí. N kò sọ ọ́ fún ọ lẹ́nu, torí o kò gba ọ̀rọ̀ ẹnu mi gbọ́ mọ́ láti ìgbà tí mo ti sọ fún ọ pé abẹ́rẹ́ kò ní dùn ọ́. Kó wọn bí mo ti wí. Wo ọjọ́ tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fáìlì náà. Lẹ́yìn náà mú ìwé ìrìnnà rẹ àtijọ́, kí o wo òǹtẹ̀ tí wọ́n lù fún ọ ní pápákọ̀ òfurufú nígbà tí o ń lọ kẹ́yìn. Mo ti wò ó. Ọjọ́ kan náà ni, Lutfi. Ìwọ wà lófurufú, bàbá rẹ wà nídìí ẹ̀rọ, ó ń pe orúkọ rẹ.

Ó ní kí n bá òun bi ọ́ ní ohun tí òun ṣe fún ọ. Mo ti bi ọ́ báyìí. Lọ dá a lóhùn.

Mo fọwọ́ sí i ní Sfax, ní ọjọ́ kọkànlá oṣù Karùn-ún ọdún 2022, tí í ṣe ọjọ́ tí mo kọ ọ́ gan-an.

Wasila Kammun, opó Furati

Àwọn ẹlẹ́rìí tí ó wà níbẹ̀, tí wọ́n rí mi tí mo ń kọ ọ́, tí wọ́n sì mu kọfí mi:
Abdessalem Jammusi, alápatà, kìlómítà kẹrin
Nureddin Shaabuni, olùkọ́ ìṣirò tí ó ti fẹ̀yìn tì