Àpótí Tí Mo Bá Lókè Ilé Gíga

Papalanto,
Ọjọ́ Àlàmísì.

Lubabah ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Àsàláámù àlékùmù. Ṣé dáadáa lo wà, ṣé ariwo Èkó ò gbé ọ lórí jù? Ọlọ́run Ọba ò ní jẹ́ kí o rìn lọ́jọ́ tí ebi ń pa ọ̀nà. Ìyá rẹ kí ọ, ewúrẹ́ rẹ bí ìbejì, akọ kan abo kan, gbogbo wa la sì wà ní àlàáfíà. Ṣùgbọ́n ohun tó jẹ́ kí n mú bírò lónìí ju ti ewúrẹ́ lọ. Mo ti lọ wo ilé rẹ.

Ilé gíga tuntun tó wà ní Òkè-Ìléwó l'Abẹ́òkúta ni mò ń wí, èyí tí o ní ìwọ lo ya pùláànù rẹ̀. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣí i ni mo ti ń sọ fún gbogbo Papalanto pé ọmọ mi ló yà á kí wọ́n tó kọ́ ọ. Bándélé, télọ̀ alámùúlégbè wa tó máa ń rán aṣọ Iléyá fún ọ, ní irọ́ ni, ó ní obìnrin kì í ya ilé, bóyá tíì lo ń pò fún àwọn tó yà á. Ó dùn mí wọra, nítorí pé ẹnu èmi Sàlàhúdíìnì káfíńtà ni irú ọ̀rọ̀ yẹn ti kọ́kọ́ jáde, lọ́dún tí o fẹ́ wọ yunifásítì, tí mo ní kí o lọ kọ́ àdìrẹ títà ní Ìtòkú, kí o yéé bá ọkùnrin du rúlà. Mo ní kí Bándélé múra ká jọ lọ, kó fi ojú ara rẹ̀ rí i.

Lẹ́nu ọ̀nà wọ́n fún wa ní fọ́ọ̀mù. Mo kọ orúkọ mi, mo kọ iṣẹ́ mi, ó wá ku ibi tí wọ́n ti béèrè ẹni tí wọn yóò pè bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ sí mi. Mo kọ Ọlọ́run síbẹ̀. Ọmọbìnrin tó ń gba fọ́ọ̀mù, Azeezat lorúkọ rẹ̀, ní òun ń wá nọ́ńbà. Mo ní kò sí nọ́ńbà, ẹ̀ẹ̀marùn-ún lójúmọ́ ni mò ń pè é, láìnì ò sì dí rí. Ọmọ náà rẹ́rìn-ín, ó ní kí n fi ẹnì kan tó wà láyé kún un, mo bá kọ ti ìyá rẹ.

Ó mú wa dé iwájú yàrá kékeré kan tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ń ṣí fúnra rẹ̀. Ilẹ̀ ibẹ̀ ń dán, ó mọ́ bíi ti mọ́sáláásí, ẹni tí wọ́n kọ́ nílé ò sì ní wọ bàtà wọ irú ibẹ̀. Mo bọ́ tèmi sẹ́nu ọ̀nà, Bándélé bọ́ tirẹ̀, ìyá àgbà kan tó wà lẹ́yìn wa náà bọ́ tirẹ̀. A wọlé, mo ṣe sàláámù sí àwọn tí a bá níbẹ̀, ilẹ̀kùn padé, àyà mi já díẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀kùn máa ṣí, bàtà ò sí níbẹ̀ mọ́! Mo figbe ta pé olè ti kó wa ní bàtà nínú ilé tí ọmọ mi yà, ojú sì tì mí lójú Bándélé. Azeezat ló fi sùúrù ṣàlàyé pé bàtà ò lọ síbì kankan, àwa la lọ.

Òkè téńté la wà. Bándélé kò tilẹ̀ wo ìlú, ara òkúta tí wọ́n kọ orúkọ àwọn ènìyàn ńlá sí ló lọ, ó wá Lubabah títí, kò rí i. Ó ní ṣé mo ti rí i báyìí. Èmi náà ò rí nǹkan kan, o ṣáà mọ̀ pé Ọlọ́run ò fi gíga ta mí lọ́rẹ, irin tí wọ́n fi sé iwájú dígí ga dé ojú mi, òfuurufú nìkan ni mò ń wò. Inú mi bàjẹ́. Mo ní ká máa sọ̀ kalẹ̀.

Azeezat ló pè mí padà. Ó mú mi lọ sí igun kan tí wọ́n ti kan àpótí onígi kan mọ́lẹ̀ lẹ́bàá dígí. Ó ní ọmọbìnrin tó ya ilé náà ló fi síbẹ̀, àwọn ọ̀gá rẹ̀ ní kó yọ ọ́, ó ní òun ò yọ ọ́, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ gùn dé ibẹ̀ kó má lè rí ọ̀ọ́kán ilé rẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ wo àpótí náà. Ihò wà láàárín rẹ̀, ihò tí èèyàn ń kọ́wọ́ bọ̀ láti fi gbé e. Mọ́lẹ̀ ni wọ́n kàn án mọ́, kò sí ẹni tó lè gbé e, síbẹ̀ o dá ihò sí i! Gẹ́lẹ́ bí èyí tí mo kàn fún ọ lọ́mọ ọdún mẹ́rin, tí o máa ń gbé lọ sídìí fèrèsé kí o lè máa wò mí bí mo bá ń ti ṣọ́ọ̀bù bọ̀. Bándélé náà mọ̀ ọ́n, nítorí orí àpótí ilé yẹn lo máa ń dúró lé kó tó lè wọn aṣọ fún ọ. Ó ki ọwọ́ bọ ihò náà, ó wá di apá mi mú pé kí n gùn ún.

Lubabah, mo rí Abẹ́òkúta. Mo rí òrùlé páànù tó ti dípẹtà lọ bẹẹrẹ, mo rí odò Ògùn, mo rí Òkè Olúmọ. Láti kékeré mi, orí Olúmọ la ti ń wo ìlú, Ọlọ́run ló sì gbé ìyẹn kalẹ̀. Èyí, ọmọ mi ló yà á. Mo rí Papalanto, mo rí ilé wa, mo rí ìyá rẹ tó ń sá aṣọ. Ìyá rẹ ní òun ò fọṣọ lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n mo mọ ohun tí mo rí. Omi bọ́ lójú mi, mi ò sì nù ún. Ohun tí mo sọ sí ọ lọ́dún yẹn ò dáa, ọmọ mi, má bínú.

Nígbà tí a sọ̀ kalẹ̀, bàtà wà níbẹ̀ lóòótọ́. Bàtà ẹni mẹ́ta la fi sílẹ̀, ti ẹni mẹ́sàn-án la bá, ó dájú pé ará ìlú ń kọ́ ọgbọ́n lára wa.

Jọ̀wọ́ fi owó díẹ̀ ránṣẹ́, ìyá rẹ fẹ́ lọ wo ilé náà, Bándélé náà fẹ́ padà lọ. Òun ló tún ń ròyìn jù mí lọ báyìí, ó ní òun lòun máa ń ránṣọ fún ẹni tó ya ilé náà. Bí o bá máa fi gba inú fóònù, jẹ́ kí n kọ́kọ́ sáàjì rẹ̀ kó kún, nítorí ti ọjọ́sí, bátìrì ti fẹ́ tán nígbà tó wọlé, owó náà ò sì pé tó bí o ṣe wí.

Ọlọ́run á gbé ọ ga ju ilé tí o yà lọ, ọmọ tìrẹ náà á yà á ga jù bẹ́ẹ̀. Mo ti gba àpótí àtijọ́ lọ́wọ́ ìyá rẹ tó fi ń jókòó gé ẹ̀fọ́, mo fọ̀ ọ́, mo gbé e sídìí fèrèsé. Bí o bá ń bọ̀ ní Iléyá, èmi ni màá dúró lé e wo ọ̀nà.

Èmi ni bàbá rẹ,
Sàlàhúdíìnì, káfíńtà.