Ìtàn Ìgbésí Ayé Olóògbé Ardis Oftedal Kvamme (1940–2023), Ẹni Tí Kò Gbà Kí Wọ́n Fi Orúkọ Ẹlòmíràn Pe Iṣẹ́ Ọwọ́ Bàbá Rẹ̀

Ọjọ́ kẹta oṣù Kẹta ọdún 1940, nígbà tí yìnyín ṣì ga dé ojú fèrèsé, ni a bí Màmá wa, Ardis Oftedal, sí oko màlúù kan ní Stensby, lẹ́sẹ̀ òkè Little Belt ní Montana. Bàbá Nels Oftedal, alágbẹ̀dẹ, ọmọ àwọn ará Norway tó wá tẹ oko náà dó, ni bàbá wọn. Ìyá wọn ni Gudrun, tí gbogbo ìjọ Lútérà mọ̀ mọ́ lefse, àkàrà pẹlẹbẹ tí wọ́n ń fi ọ̀dùnkún ṣe. Ọmọ méjì péré ni wọ́n bí. Harlan ni àkọ́bí, Ardis ló tẹ̀lé e. Ẹni tó bá rò pé àbúrò ló yẹ kó máa sọ pé bẹ́ẹ̀ ni sí gbogbo ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n, kò bá Màmá gbé rí.

Iléèwé oníyàrá kan ni Màmá ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́, wọ́n sì jáde girama ní 1958. Ìwé wọn dára, ṣùgbọ́n ilé àgbẹ̀dẹ bàbá wọn ni wọ́n ti kọ́ èyí tó wù wọ́n jù. Bàbá Nels kì í ra ọta ìbọn. Bí ọ̀pọ̀ ará Stensby, wọ́n máa ń ṣa ìkarahun idẹ tí ìbọn ti yìn, wọn a tì í wọ inú dáì, irin oníhò tó ń fún ìkarahun tó ti wú padà sí ìwọ̀n rẹ̀, wọn a rọ ẹ̀tù tuntun sí i, wọn a sì fi ọta tuntun dé e lórí. Ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan ló ní dáì tirẹ̀, orúkọ ìwọ̀n náà ni wọ́n sì ń tẹ̀ sórí dáì. Ẹni tó bá fúnra rẹ̀ dá ìwọ̀n tuntun sílẹ̀, orúkọ ẹni náà ni gbogbo ayé yóò máa fi pè é. Ibi tí ìjà ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Ní oṣù Kìíní ọdún 1959, Bàbá Nels ṣubú nínú ilé àgbẹ̀dẹ, wọn kò sì dìde mọ́. Wọ́n fi ìbọn kan tí wọ́n ń ṣe látìgbà tí òtútù ti bẹ̀rẹ̀ sílẹ̀, pẹ̀lú dáì kan tí kò ní orúkọ lórí. Kò sí ọta kankan lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Harlan gbé méjèèjì lọ bá Delmar Prickett, alágbẹ̀dẹ ìbọn tí gbogbo àgbègbè gbọ́kàn lé. Prickett ti ìkarahun kan wọ dáì náà, ó yọ ọ́, ó wo ọrùn rẹ̀, ibi tóóró tó ń di ọta mú, ó ní dáì ìwọ̀n 270 ni, èyí tó wọ́pọ̀ jù lọ níbẹ̀. Nígbà tí ọta 270 kò wọ ìbọn, kò sọ pé òun ṣì í. Ó ní Nels ló ba ihò ìbọn jẹ́, kí wọ́n yọ ọ̀pá rẹ̀ dànù. Kí a tó wí, kí a tó fọ̀, ọ̀rọ̀ ti kárí ìlú pé iṣẹ́ ìkẹyìn Nels Oftedal, pàǹtí ni.

Màmá, ọmọ ọdún méjìdínlógún, kọ̀ jálẹ̀. Wọ́n dúró síwájú ìbọn náà, wọ́n sì sọ fún ẹ̀gbọ́n wọn pé, “Bọ̀dá mi, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kàn án. Ọrùn nìkan ni Prickett wò. Ṣé ọrùn nìkan ni wọ́n fi ń dá èèyàn mọ̀?”

Kí wọ́n lè rí bí inú dáì àti inú ìbọn ṣe rí, Màmá yọ́ imí ọjọ́ lórí iná, wọ́n dà á sínú dáì, wọ́n sì da díẹ̀ sínú ihò ìbọn níbi tí ọta ń jókòó sí. Nígbà tó tutù tó sì le, wọ́n rọra gbá a jáde, wọ́n gbé ère aláwọ̀ òféèfèé méjèèjì ka orí tábìlì. Èjìká wọn, ibi tí ara ìkarahun ti ń tín-ín-rín lọ sí ọrùn, bára mu. Ti dáì fi díẹ̀ kéré sí ti ìbọn, bó sì ṣe yẹ kó rí nìyẹn, torí dáì tí kò bá fún ìkarahun kò wúlò. Lára èjìká méjèèjì ni ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà tó yí i po bí òwú. Màmá wá irin tí Bàbá Nels fi gbẹ́ ihò náà rí nínú àpótí: eyín rẹ̀ ti kán díẹ̀, ìyẹn ló fa ìlà náà sára méjèèjì. Ìbọn ni Bàbá Nels kọ́kọ́ fi gbẹ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n pọ́n irin kan náà kéré sí i, tí wọ́n fi gbẹ́ dáì. Kì í ṣe 270 rárá, ìwọ̀n tuntun tí Bàbá Nels fúnra wọn dá sílẹ̀ ni.

Ó ku ọ̀pá ìbọn. Màmá ti òjé rírọ̀ gba inú rẹ̀ kọjá, wọ́n wọ̀n ọ́n, ó jẹ́ ìwọ̀n ìbọn àwọn sójà Norway àtijọ́. Ìgbà náà ni Ìyá Gudrun rántí pé ìbọn bàbá ọkọ wọn, tó ti wà ní àjà látọjọ́ pípẹ́, kò ní ọ̀pá mọ́. Bàbá Nels ti fi ọ̀pá ìbọn bàbá tiwọn ṣe tuntun. Ìyá Gudrun jókòó, wọ́n sì sunkún.

Wọ́n fi dáì náà ṣe ọta kan, Màmá àti Harlan sì so ìbọn náà mọ́ táyà, wọ́n fi okùn fa á láti ẹ̀yìn ògiri òkúta. Ó yìn, ohunkóhun kò bàjẹ́. Nígbà tí àsìkò ọdẹ dé lọ́dún náà, Màmá fi í pa àgbọ̀nrín tí ilé wọn jẹ títí yìnyín fi yọ́.

Ní 1962, Màmá fẹ́ Orrin Kvamme, darandaran. Màmá ṣe alásè iléèwé Stensby títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì, wọ́n kọrin nínú ẹgbẹ́ akọrin ìjọ Lútérà, wọ́n sì ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ bí a ṣe ń di ìbọn mú láìpa ara ẹni tàbí ẹlòmíràn. Wọn kì í gbàgbé orúkọ ẹni tí wọ́n bá kọ́, wọn kì í sì í gbàgbé ẹni tó bá fi ẹnu ìbọn ṣeré.

Harlan, tí kò mọ ibi tí ń bẹ nínú ènìyàn, ti yá Prickett ní dáì náà pé kó bá wọn ṣe irú rẹ̀ kan sí i. Prickett ṣe púpọ̀, ó sì tẹ orúkọ ara rẹ̀ sí gbogbo wọn. Ẹgbẹ́ ayìnbọn ìlú, tí Màmá jẹ́ ọ̀kan lára wọn, kọ ọ́ sára ògiri wọn: ìwọ̀n Prickett. Ibi àfihàn oko ní 1971 ni Màmá ti rí i lórí tábìlì Prickett.

Prickett kò tijú. Ó ní, “Ardis, ohun tí kò lórúkọ, ẹni tó bá sọ ọ́ lórúkọ ló ni ín. Ṣé o rí orúkọ bàbá ẹ lára ẹ̀ ni?”

Màmá dá a lóhùn pé, “Bọ̀dá Delmar, ọmọ tí wọn ò tíì sọ lórúkọ náà ní bàbá.”

Wọ́n mú ìkarahun kan tó ti inú dáì Prickett jáde, wọ́n sì bi í níwájú èrò pé kí ni ìlà tó wà ní èjìká rẹ̀ ń ṣe. Prickett là á yé wọn dáadáa. Ó ní ìlà náà ló ń jẹ́ kí ẹ̀tù jó geere, pé ọgbọ́n orí òun ni. Màmá jẹ́ kó parí.

“Irin tí bàbá mi fi gbẹ́ ẹ, eyín ẹ̀ kán ni. Ó wà nílé, ẹ wá wò ó. Ẹ jí ọmọ gbé, ẹ tún jí àpá ara ẹ̀ mọ́ ọn.”

Èrò rẹ́rìn-ín títí. Síbẹ̀ ẹgbẹ́ ní ó ti pẹ́ jù, àwọn kò lè pa orúkọ ara ògiri rẹ́. Màmá fi ẹgbẹ́ náà sílẹ̀, wọn kò sì tẹ ẹnu ọ̀nà rẹ̀ mọ́ títí wọ́n fi kú. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, àwọn kan láti inú ẹgbẹ́ náà wá bẹ̀ wá pé kí a fo ọ̀rọ̀ yìí nínú ìwé ìsìnkú, kí òkú lè sinmi. Òkú tí wọ́n ń wí ló ní kí a kọ ọ́, a sì ti kọ ọ́.

Nígbà tí àìsàn dá Màmá dùbúlẹ̀, Wendell, ọmọ Prickett, wá kí wọn. Bàbá rẹ̀ ti kú nígbà náà. Ó ní kí àwọn pa orúkọ méjèèjì pọ̀, kó máa jẹ́ Prickett-Oftedal. Màmá ní, “O ṣeun tó o wá, ọmọ mi. Kọfí wà nílẹ̀, mu ún. Ṣùgbọ́n bàbá mi nìkan ló ṣe é.” Wendell mu kọfí rẹ̀, ó sì lọ.

Màmá sùn ní ọjọ́ kọkànlá oṣù Kẹwàá ọdún 2023. Ọkọ wọn ti ṣáájú wọn lọ. Wọ́n fi ẹ̀gbọ́n wọn, Harlan, sáyé, àti àwọn ọmọ: Solveig, Lorne àti Marit, pẹ̀lú àwọn ọmọ-ọmọ àti Tilda, àrọ́mọdọ́mọ kan ṣoṣo.

Ní àárọ̀ ọjọ́ tí Màmá kú, Bàbá Harlan, ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rùn-ún, ní kí a gbé dáì Bàbá Nels wá. Wọn kò gbà kí ẹnikẹ́ni ran àwọn lọ́wọ́. Wọ́n ní àwọn làwọn gbé e jáde nílé, àwọn náà ni yóò dá a padà. Wọ́n mú òòlù, wọ́n tẹ OFTEDAL sórí rẹ̀ lẹ́tà kan tẹ̀lé òmíràn. Lẹ́tà náà wọ́. A kò ní tún un ṣe.

Ardis, ọmọ Nels, ẹ sùn re. Ẹ má wẹ̀yìn, orúkọ ti wà lórí irin.